Ìlà Ojú Awò Sakeenah

"Sakeenah, awò ojú rẹ dà?"

"Ó wà nínú báàgì, Mọ́mì."

"Ṣé báàgì ló fẹ́ bá ẹ ránṣọ ni?"

Mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi. Kosiso àti àwọn ọmọ kíláàsì wọn méjì ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Omagba, wọ́n ń dúró de síkẹ́ẹ̀tì Kosiso. Àwọn ló ń pe Sakeenah ní ìyá àgbà láti ọjọ́ tó ti ń wọ awò lọ sí iléèwé. Ló bá bọ́ awò nítorí wọn, ó tẹrí sórí ẹ̀rọ ìránṣọ títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́rẹ́, kó tó lè ríran. Èmi ń lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, mi ò lè fi í sílẹ̀ kó jó.

Inú bí mi. Ṣé torí kó lè máa wà nínú báàgì la ṣe wá awò yẹn? Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kó máa kọ iṣẹ́ ojú pátákó tán. Mama Ebube tó ń ta òkìríkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ní kí n yé nà án, pé ojú ló ń dà á láàmú. Òun ló mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ tí àwọn dókítà ojú wá ṣàyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún Sakeenah ní awò. Èmi tòun ti híjáàbù mi láàárín wọn, kò sẹ́ni tó wò mí níwòkuwò. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Òun náà ló yọjú wọlé, ó ń bẹ ọmọ mi pé kó wọ awò. "Nne, biko, wear your glass o!"

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Sakeenah nawọ́ sí báàgì, ó tún fà á sẹ́yìn. Ó wo Kosiso, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi fẹ́ ríran ní tèmi."

Ó wọ awò rẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó ń rán lọ. Kò tíì rán síìpù síkẹ́ẹ̀tì Kosiso dé ìdajì tí abẹ́rẹ́ fi kọ lu irin rẹ̀. Páì! Ó ṣẹ́, ó fò. Sakeenah figbe ta, ó fọwọ́ méjèèjì bojú.

"Yéè! Ojú ọmọ mi!"

Mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ojú rẹ̀ là rekete, kò sí ẹ̀jẹ̀. Awò ọ̀tún nìkan ni abẹ́rẹ́ ha, ó fa ìlà kan sí i létí.

"Alhamdulillahi!"

"Chukwu, imela!" ni Mama Ebube ń ké, òun náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì mọ́ra, à ń sunkún. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbóòórùn: aṣọ oníbàárà ti jó. Kó jó! Aṣọ ni, màá san án.

Kosiso kò lè gbójú sókè. "Sakeenah, ndo," ló ń wí ṣáá, pé kó má bínú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tìtorí ẹ̀rín ẹgbẹ́ bọ́ ohun tó ń dáàbò bò yín. Kíá ni ẹ̀rín wọn tán, ojú ọmọ mi ló máa lò dalẹ́.

Mo ní ká pààrọ̀ awò tí abẹ́rẹ́ ha yẹn. Sakeenah ní rárá, ìlà yẹn kò dí òun lójú. Láràárọ̀, ó máa ń dúró kí Mama Ebube kó tó lọ sí iléèwé. Obìnrin yẹn á bọ́ awò lójú rẹ̀, á fi etí ìró ara rẹ̀ nù ún, á sì fi wọ̀ ọ́ padà. Kosiso á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á bá a gbé báàgì dání.