Ẹni Tó Ń Dúró ní Takie

Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó lọ béèrè ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé-ìwé náà ṣì wà níbẹ̀. Tíṣà tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ń kọ́ Pírámárì kẹta. Ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òru, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojú oorun ni.

Fèyíkẹ́mi lorúkọ tíṣà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ díákónì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe “bóyá”. Bó bá ní òjò máa rọ̀ lọ́la, àfi bí ẹni pé òjò ló rán an níṣẹ́. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí Ọ̀yọ́. Ó yá yàrá kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó di Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Ní táàmù kejì, wọ́n kó ẹ̀kọ́ tuntun kan dé, pé kí àwọn ọmọ máa fi àwòrán sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Àwọn tíṣà àgbà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì jẹun láàárọ̀, kí ló fẹ́ yà bí kò ṣe ebi? Fèyíkẹ́mi ra kíréyọ̀n, ó lẹ ojú mẹ́rin mọ́ ògiri: ojú ayọ̀, ojú ìbínú, ojú ìbẹ̀rù, ojú ìbànújẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ tó bá ń bínú kò fi na ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Yóò mú kíréyọ̀n pupa, yóò máa fi ha bébà títí bébà yóò fi lu. Inú Fèyíkẹ́mi dùn, kò sì fi dídùn inú náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kì í ya nǹkan kan. Hussein ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀, Àlájà Asiyah, ló sì wà. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bébà iwájú rẹ̀ á funfun báláú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, Fèyíkẹ́mi ní kí wọ́n ya ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n. Hussein mú kíréyọ̀n. Kò gbé orí sókè títí tó fi parí. Ọmọkùnrin kan ló yà, tí eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí. Fèyíkẹ́mi wo bébà, ó wo Hussein, ó rí ojú kan náà.

“Ìwọ rèé?”

“Hassan ni, Àǹtí. Ìkejì mi ni.”

Ó bi í pé níbo ni Hassan wà. Ọmọ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ní Takie, pé ó ti tó ọdún méjì tó ti lọ, ìyá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Fèyíkẹ́mi béèrè, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ṣìnà. Inú rẹ̀ dùn ju ti ọmọ náà lọ. Ṣé kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ lòun ń lọ lọ́la ni? Ṣé kì í ṣe Takie náà ni mọ́tò ti ń já òun? Ó ní kó mú bébà náà wá, òun á fi lé Hassan lọ́wọ́, òun á sì gba èsì bọ̀.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbé kíréyọ̀n wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Marufat, tó jókòó níwájú, sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Àǹtí, ẹ má gbà á.”

Fèyíkẹ́mi rò pé owú ni. Ó bá a wí pé kò dáa kéèyàn máa jowú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ká bébà náà sínú báàgì.

Nǹkan bí aago mẹ́ta lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀kalẹ̀ ní Takie. Àwọn èèyàn ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ọ̀kadà ń pariwo, kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè, àwọn ọlọ́jà ń pe oníbàárà. Bó ṣe ń ro ẹni tí òun máa kọ́kọ́ bi, ariwo náà dá. Kò lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò. Ọ̀kadà ń kọjá níwájú rẹ̀. Ẹnu àwọn ọlọ́jà ń mì. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹnì kan fà á láṣọ lẹ́yìn.

Ó kọ́kọ́ rò pé Hussein ni. Ojú yẹn náà ni, bó ṣe ga náà ni, àlàfo eyín náà ni. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ bo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, títí kan Fèyíkẹ́mi fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí mọ́ tónítóní.

“Ẹ kú ọ̀nà, Àǹtí.”

Ohùn yẹn nìkan ló ń dún ní gbogbo Takie. Ọmọ náà gba bébà, ó wò ó, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Fèyíkẹ́mi bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ń gbé.

“Wọ́n ní ibí ni mo wà,” ni ọmọ náà wí. “Mo sì wà níbí.”

Ó fi bébà mìíràn lé e lọ́wọ́. Ariwo padà dé, ó sì le débi pé Fèyíkẹ́mi fi ọwọ́ di etí. Nígbà tó máa wo iwájú, kò rí ọmọ kankan níbẹ̀.

Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ní oòrùn ni, ó ní ebi ni. Ó ṣáà jíṣẹ́, ó ṣáà gba èsì, kí ló tún kù? Nígbà tó délé, ó tú bébà náà. Ọmọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹni tó yà á ti kun ọ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀. Ìlà lásán ni èkejì, àfi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní ọ̀dà díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Hussein wo bébà náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí ní kíláàsì yẹn. Láti ọjọ́ náà, ó ń jẹun, ó ń sáré, ó ń bá wọn jà nídìí bọ́ọ̀lù. Gbogbo Jímọ̀ ni Fèyíkẹ́mi ń gbé bébà lọ, gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń gbé bébà bọ̀. Àwòrán kan náà ni ọmọ Takie ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà ń gun ọmọ kejì lọ sókè. Ó dé ìbàdí, ó dé ọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó kan ojú, ó parí. Fèyíkẹ́mi ń yan lójú àwọn tíṣà àgbà. Ó ní wọn ò rí i bí, ẹ̀kọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ní Jímọ̀ karùn-ún, nígbà tí àwọn ọmọ jáde ìsinmi, Àlájà Asiyah wọ kíláàsì wá. Ó kí tíṣà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó bá wá.

“Tíṣà, ta lẹ̀ ń gbé ìwé fún ní Ògbómọ̀ṣọ́?”

“Hassan ni, mà. Ọmọ yín.”

Ìyá náà rọra jókòó lórí àga àwọn ọmọdé.

“A kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ síbì kan. Èmi ni mo mú Ògbómọ̀ṣọ́. Torí a ò ní ẹnì kankan níbẹ̀ ni mo ṣe mú un, kò sẹ́ni tó máa lọ wá a lọ.”

Fèyíkẹ́mi mọ àṣà yẹn. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ó ti gbọ́ nípa ìbejì tó lọ sí Èkó, ó ti gbọ́ nípa èyí tó lọ sókè òkun. Kò kàn wá sí i lọ́kàn pé ìlú tirẹ̀ náà lè jẹ́ ibi tí ẹlòmíì ń rán òkú rẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà ṣàlàyé pé lálẹ́ àná, Hussein di aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ọmọ náà ní Hassan ní kí òun máa bọ̀ lónìí, torí àwòrán ti parí. Ìyá àgbà ní òun tú aṣọ náà, òun bú u, ọmọ náà ò sunkún. Ìdí nìyẹn tí òun fi wá, kí tíṣà má ṣe jẹ́ kó kúrò lójú.

Wọ́n wá a ní pápá. Wọ́n wá a ní ilé ìtọ̀. Mashood tó ń ṣọ́ géètì, tí kò tíì lo oṣù kan níbi iṣẹ́, ní òun rí i tó jáde.

“Òun àti ìkejì rẹ̀ ni,” ló wí. “Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Mo rò pé ilé ni wọ́n ti rán an wá mú un lọ.”

Wọ́n gba ọkọ̀ kan fún ara wọn nìkan. Ìyá àgbà ń fa tẹ̀sùbáà, Fèyíkẹ́mi ń ka Sáàmù, kò sẹ́ni tó dí ẹnìkejì lọ́wọ́. Ẹ̀rù ba Fèyíkẹ́mi. Ó mọ̀ pé bí ọmọ yẹn bá fi lè lọ, òun lòun sìn ín dé ọ̀nà, bébà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó sì mọ̀ pé òun ò ní padà sí Ọ̀yọ́ láìmú un dání. Báyẹn ló ṣe rí. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ ò tíì dúró ní Takie tí ariwo fi dá.

Àwọn ọmọ méjì dúró lẹ́bàá títì, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ìlọrin. Yúnífọ́ọ̀mù kan náà ló wà lára wọn. Eruku bo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.

“Hussein,” ni Fèyíkẹ́mi pè.

Àwọn méjèèjì bojú wẹ̀yìn.

Ó wo ọ̀kan. Ó wo èkejì. Obìnrin tí kò ṣàìmọ nǹkan rí yìí wo ọmọ tó ti kọ́ láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ ọ́n. Ó yíjú sí ìyá àgbà, ó ní, “Mi ò mọ̀, mà.”

Ìyá àgbà ò sáré. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó rìn títí tó fi kù díẹ̀ kó kàn wọ́n.

“Hassan,” ló wí. “O ti kú, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ilé la sin ẹ́ sí. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sunkún ẹ. Mo ní ibí lo wà. Irọ́ ni mo pa. Má bínú.”

Ó bú sẹ́kún. Ọdún méjì ni ẹkún yẹn ti wà níkùn rẹ̀, kò sì sí ohùn mìíràn nínú gbogbo ayé lákòókò yẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ èkejì sílẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ìyá àgbà. Lẹ́yìn náà ló wọ àárín àwọn èrò. Kò bojú wẹ̀yìn. Èyí tó kù dúró sójú kan títí ìyá àgbà fi gbá a mọ́ra, nígbà náà ni wọ́n tó tún gbọ́ fèrè kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ọ̀yọ́, ọmọ náà sùn lé ìyá àgbà lẹ́sẹ̀. Ó ta jí lójú ọ̀nà, ó wo Fèyíkẹ́mi. Ìbéèrè kan ń jó Fèyíkẹ́mi lẹ́nu. Bó ṣe la ẹnu, ìyá àgbà mi orí sí i.

“Ẹ má bi í,” ló wí. “Èyí tó wù kó jẹ́, ọmọ mi ni.”

Fèyíkẹ́mi ò bi í. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ti bi í títí di òní. Ìbejì ni wọ́n ń pè é nílé. Ó ń lọ sílé-ìwé déédéé, ara rẹ̀ le, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Bí Fèyíkẹ́mi bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tó bá kan orúkọ Hussein, yóò gbójú sókè, yóò rí i pé ọmọ náà wà ní ìjókòó rẹ̀, yóò sì sàmì sí i láì pè é.