Ohùn Orí Ọ̀pẹ

Ẹ má bá mi wá ẹlẹ́rìí. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀, etí mi ló gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi ló sì sá. Awakọ̀ wa náà gbọ́ ọ, òun tí kì í gbà pé òjò ń rọ̀ àfi tó bá rẹ òun. Ọ̀sán gangan ni.

Iṣẹ́ wa ni títún àwọn ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́ ṣe, àwọn tí ìjọba ìlú gbìn sí àárín títì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gùn ún. Èmi ń di okùn mú nísàlẹ̀, awakọ̀ sì ń kó imọ̀ ọ̀pẹ tó bá bọ́ sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Àwọn tó ń kọjá a máa dúró wò ó. "Obìnrin lórí ọ̀pẹ?" Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ọ̀pẹ ò bi mí léèrè rí o, ẹ̀yin lẹ ń bi mí." Á tún máa gòkè lọ.

Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Mi ò ṣojúsàájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá mi ni. Imọ̀ tó ti gbẹ, tó sorí kọ́, nìkan ló ń gé. Kì í fọwọ́ kan èyí tó ṣì tutù, ká má tíì sọ ti màrìwò àárín, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ọ̀pẹ wà. Á gé ìdí imọ̀ kó dagẹ̀rẹ̀ síta, kómi òjò má bàa dúró síbẹ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀pẹ yẹn á dúró bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun. Inú mi a máa dùn débi pé màá gbàgbé pé ọrùn ń dùn mí.

Òfin kan la ò gbọdọ̀ rú. Kó tó gé imọ̀, á ké láti òkè pé, "Ẹ yàgò!" Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò gbọdọ̀ gbójú sókè, kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà ló máa dáhùn pé, "A ti yà." Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá gbọ́ èsì, ayùn rẹ̀ ò ní kan imọ̀. Ó lè dúró lókè títí apá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ó ní ẹni tó bá gé e láìgbọ́ èsì, apànìyàn ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a dé ìdí ọ̀pẹ tó kẹ́yìn ní òpópónà náà. Ó ga, ó sì tọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká, ó ń fọwọ́ gbá ara igi náà. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó ṣí fìlà sílẹ̀. Ọkọ̀ kankan ò kọjá. Atẹ́gùn dáwọ́ dúró. Mò ń gbọ́ èémí ara mi.

"Ẹ yàgò!"

Láti òkè ló ti wá.

A yà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré sọdá títì, torí ó ti mọ́ wa lára. Ibẹ̀ la ti wá wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ láàárín wa, igbà ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Ta ló wà lókè?" awakọ̀ béèrè.

"Kò sẹ́nì kankan," ni mo wí. Mò ń rí orí ọ̀pẹ náà kedere.

"Ohùn yín ni, Ẹ̀gbọ́n," awakọ̀ wí. "Àmọ́ ó ti gbó."

Òótọ́ ló sọ. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni, bó ṣe máa ń fà á gùn. Ṣùgbọ́n ó há, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti dàgbà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ṣì ja gaara.

Kò sẹ́ni nínú wa tó dáhùn pé, "A ti yà." Ta la fẹ́ dá lóhùn? Ọ̀pẹ náà dúró, ó dà bíi pé nǹkan kan ń retí wa. Ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ gbẹ́sẹ̀ kan padà sọ́nà ibẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú. Nígbà náà ni orí ọ̀pẹ fì lẹ́ẹ̀kan, ó já, ó sì bọ́ lulẹ̀ gbì, síbi tí a wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Fìlà awakọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. A ò rí fìlà yẹn mọ́.

Inú igi náà ti jẹrà, ojú ò kàn rí i lóde ni. Ìyẹn yé mi. Awakọ̀ ní orí ló kó wa yọ. Orí ta ni, kò lè sọ. Ohun tí ò yé mi ni pé wọ́n ti gé imọ̀ kan lára orí ọ̀pẹ tó bọ́ náà. Imọ̀ tútù ni, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kì í fọwọ́ kàn. Omi ṣì ń sun lójú ibẹ̀. Ó dagẹ̀rẹ̀ síta, ó dán. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á.

"Gígé yìí dáa," ó wí jẹ́ẹ́. "Ọwọ́ mi nìyí."



Ó gun ọ̀pẹ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí orúnkún kọ̀ fún un, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ikọ́ kan mú un, nígbà tí ikọ́ náà máa lọ, ó gbé ohùn rẹ̀ lọ. Èyí tó há ló kù. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọkàn mi ò lọ síbì kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká aṣọ. Èmi ń rán bọ́tìnnì. Ilé pa rọ́rọ́. Ó dáwọ́ dúró, ó wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ láti ibi gíga. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀.

"Ẹ yàgò!"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohùn yẹn ni. Bó ṣe há, bó ṣe ń gbọ̀n, bó ṣe fà á gùn, kò yẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?"

Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó dì í bí ẹni di ayùn mú, ó ń dúró. Apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo mọ ohun tó ń retí. Mo mọ̀ pé kò ní gé e láìgbọ́ ọ, ì báà dọ̀la. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi nígbà yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.

"A ti yà," ni mo wí. "Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yà."

Ó mí kanlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó bọ̀, bí ìgbà tí ayùn bá ń jẹ igi.

"Ṣé fìlà nìkan ló bá a lọ?" ó béèrè.

"Fìlà nìkan ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí pé ó dáa, ó mú aṣọ rẹ̀, ó ń ká a lọ. Òórùn imọ̀ tútù gba gbogbo yàrá.