Ọ̀rọ̀ Tí Dàmọ́lá Pa Rẹ́

Ìwà ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí ń kó mi nírìíra, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ, ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Dàmọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìyànà Ìbà, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìgbó-Elérin. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Iwájú ló máa ń jókòó sí.

Òun ni ádímìn gúrúùpù WhatsApp àdúgbò wọn. Ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló wà níbẹ̀, onílé àti ayálégbé, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Wọ́n ní kó máa bá wọn ṣọ́ ọ̀rọ̀ láìṣègbè, kí ẹnikẹ́ni má bàa bú ẹnìkejì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìbò kánsẹ́lọ̀ di ẹjọ́, gúrúùpù gbóná janjan. Àwọn kan ní kí adájọ́ fagi lé ìbò náà, àwọn kan ní ẹni tó wọlé ti wọlé. Dàmọ́lá ní ẹni tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ará ẹgbẹ́ tirẹ̀ bá bú ìyá oníyàá, kò rí i. Bí ará òdìkejì bá kàn béèrè ohun tí òfin sọ, ó ti yọ onítọ̀hún dànù, á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin gúrúùpù ni. Ṣíọ̀! Òfin wo? Ojúsàájú lásán-làsàn ni.

Ẹni tí kò fẹ́ rí sójú rárá ni Ràsákì, tó ń ta oògùn ní Okokomaiko. Ràsákì kì í bú ènìyàn. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé kí wọ́n ka ìwé ẹjọ́ kí wọ́n tó dá sí i, kí ádímìn sì fi ojú kan náà wo gbogbo wọn. Àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n fi Ràsákì ṣe ádímìn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ Dàmọ́lá lọ́kàn bí egbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìdájọ́ máa jáde, Màmá Àmọ̀kẹ́, arúgbó kan tí mímí máa ń nira fún, fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Ó ní òun ti pe Ràsákì títí, kò gbé e, kó jọ̀ọ́ bá òun mú oògùn òun wá. Ràsákì dáhùn wéré, ó sì fi ìyá náà ṣeré díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé màmá kì í sábà fẹ́ lo oògùn:

"Mo n gbe ogun bo wa ba yin losan yii. E ma sa o."

O mọ bí a ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, kò sí àmì, kò sí nǹkan kan. Oògùn wá di ogun. "Yín" tó fi bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo lè wá di gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn màmá kò lè ṣì í kà.

Dàmọ́lá gbọ́ ọ. Ó yé e yékéyéké. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi agbára ádímìn pa ohùn màmá rẹ́ kí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ràsákì tó gbọ́ ọ, ó wá ya àwòrán ọ̀rọ̀ Ràsákì nìkan. Ó kọ sábẹ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ múra o, wọ́n ń gbé ogun bọ̀." Ó fi ránṣẹ́ káàkiri, ó sì jókòó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán!

Lọ́sàn-án, Ràsákì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ìgbó-Elérin pẹ̀lú àpò dúdú lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń dúró dè é kò bi í léèrè. Wọ́n lù ú, wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá, wọ́n sì tẹ ohun tó wà nínú àpò náà mọ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wá gbé e lọ pé ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ó ń ṣàlàyé, ó ní oògùn ni òun kọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo fóònù, kò sí ohùn màmá kankan. Màmá fúnra rẹ̀ ti wà ní ọsibítù nígbà náà. Kò rí oògùn lò, èémí rẹ̀ ti há, kò lè sọ̀rọ̀.

Dàmọ́lá lọ wo ibẹ̀. Nínú iyẹ̀pẹ̀ ló ti rí ike oògùn kékeré, irú èyí tí màmá máa ń fi sẹ́nu mí, ó ti fọ́. Ó mú un padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò ó, ó bá bì.

Ibi tó ti ń bì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Paul bá a. Rédíò ni Paul ń tún ṣe ní Alaba, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, kò sì sí nínú gúrúùpù náà. Ó rò pé oúnjẹ ni. Dàmọ́lá bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó ní ara òun ń rí òun lára. Ó wá ní òun á gbààwẹ̀, òun á bẹ Ọlọ́run, kó parí síbẹ̀.

Paul fara balẹ̀ wò ó. "Dàmọ́lá, Jésù kú fún ẹni tó ṣe irú ohun tí o ṣe yìí gan-an. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wẹ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kò ní bá ọ fi irọ́ pamọ́. Ọkùnrin kan wà látìmọ́lé tòun ti apá kíkán, ìwọ nìkan lo sì mọ ohun tí o pa rẹ́."

Ẹ̀rù ba Dàmọ́lá. Wọ́n lè lu òun náà. Wọ́n lè tì í mọ́lé. Ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́. Ó kúnlẹ̀ sáàárín bébà tó fọ́n kálẹ̀, ó sunkún, kò sì pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní àṣìṣe. Ó pè é ní ìkà, ó ní kí Jésù gba òun. Nígbà tó dìde, ó kọ ohun tó ṣe sínú gúrúùpù kí ẹgbẹ̀ta ènìyàn náà kà á, ó fi ipò ádímìn sílẹ̀, ó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Wọ́n tú Ràsákì sílẹ̀, wọ́n sì dá Dàmọ́lá dúró sí àtìmọ́lé. Nígbà tí Ràsákì ń jáde, Dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Mo gbọ́ ohùn màmá, mo mọ̀ pé oògùn ni."

Ràsákì dúró, ó fi ọwọ́ kan gbé apá rẹ̀ tó wú. "Ìyá yẹn ńkọ́?" ni ó bi í. "Ṣé wọ́n ti rí oògùn lò?"

Dàmọ́lá kò mọ̀. Ọjọ́ kejì ló tó gbọ́ pé màmá ti ń mí dáadáa, ìgbà náà ló tó lè jẹun.

Ìwọ tí ò ń kà á, ṣé o ti ń yọ ṣùtì sí Dàmọ́lá? Ó dára. Wá yẹ ara rẹ wò báyìí. Ta ni o mọ̀ọ́mọ̀ ṣì gbọ́ nítorí pé kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ? Irọ́ wo lo fi ránṣẹ́ nítorí pé ó dùn mọ́ ọ? Ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì kò lè gbà ọ́. Jésù lè gbà ọ́. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ronú pìwà dà lónìí, kí o sì dìde lọ, nígbà tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ.