Kínìyẹn àti Ilé Tí Kò Ní Fèrèsé

Kínìyẹn ni gbogbo ayé ń pè é.

Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tó dára nílé o, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rántí orúkọ yẹn mọ́.

Tó bá rí èèrà, á ní, "Kí nìyẹn?" Tó bá gbọ́ ìró, á ní, "Kí nìyẹn?" Kódà bí oorun bá ń kùn ún, á la ojú kan, á ní, "Màámi, kí nìyẹn?"

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Kínìyẹn tẹ̀lé màmá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Káfíńtà ni màmá rẹ̀. Ó kó ayùn, ó kó òòlù, ó kó ìṣó sínú àpò. Kínìyẹn bá a gbé tépù tó fi ń wọn pákó.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn. Wọ́n kọjá níwájú ilé búrẹ́dì. Wọ́n yà sọ́wọ́ òsì. Wọ́n dúró níwájú ilé gàgàrà kan.

Ilé náà ga. Ilé náà gùn. Àmọ́ kò ní fèrèsé, kò ní ẹyọ kan.

"Màámi, kí nìyẹn?"

"Ilé sinimá ni. Wọ́n ti tì í pa kí n tó bí ọ. Nírọ̀lẹ́ òní, wọ́n máa ṣí i padà. Èmi ni mò ń bá wọn tún àga ṣe."

"Kí ló dé tí kò ní fèrèsé?"

"Bàbá Oníná ni kó o bi."

Kẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá Oníná ló ṣílẹ̀kùn. Irun rẹ̀ funfun báláú. Òun ló máa ń tan ẹ̀rọ sinimá láyé àtijọ́. Òun náà ló máa tàn án lónìí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni Kínìyẹn wí. "Kí ló dé tí ilé yín ò ní fèrèsé?"

Bàbá Oníná rẹ́rìn-ín. "Káàárọ̀, ọmọ mi. O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n mí. Òkùnkùn la fẹ́ níbí. Tí oòrùn bá wọlé, àwòrán ò ní hàn."

Wọ́n wọlé. Àga pupa tò lọ rẹrẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síwájú. Kínìyẹn sáré sọ̀kalẹ̀. Ó sáré gòkè. Ó tún sáré sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ilẹ̀ yín dà báyìí?"

"Kí orí ẹni iwájú má baà dí ẹni ẹ̀yìn lójú ni."

Kóó! Kóó! Kóó! Màmá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lára ògiri iwájú, aṣọ funfun kan wà níbẹ̀. Aṣọ náà fẹ̀ ju ilé Kínìyẹn lọ.

"Bàbá, ta ló ta aṣọ yẹn síbẹ̀?"

Bàbá Oníná fa àkísà yọ. Ó ń nu àga, ó ń sọ̀rọ̀.

"Àgbàdo ni wọ́n ń kó síbí tẹ́lẹ̀. Àgbàdo àti eku. Ni ọkùnrin kan bá gbá ilé mọ́, ó so aṣọ funfun mọ́ ògiri, ó ra ẹ̀rọ kan. Bàbá mi ló ń bá a tan ẹ̀rọ yẹn."

"Kí ni ẹ̀rọ yẹn ń sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Àwòrán ìgbà yẹn ò ní ohùn. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ á kàn máa la ẹnu, wọ́n á máa pa á dé. Obìnrin kan ló ń jókòó níbí, tó ń tẹ dùùrù. Tí ẹṣin bá ń sáré, á tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Tí ẹnìkan bá ń sunkún, á rọra tẹ̀ ẹ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, ohùn dé. Ẹnu yà wọ́n. Ẹnìkan nínú sinimá kí wọn pé ẹ káalẹ́, gbogbo ilé sì dáhùn."

Kínìyẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Àwọ̀ dé. Pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Mo ti ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ọmọ kan sáré lọ síwájú, ó fọwọ́ pa aṣọ yẹn, ó wá ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá á pọ́n."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Bàbá Oníná dáwọ́ dúró.

"Lẹ́yìn náà, tẹlifíṣọ̀n wọ ilé oníkálùkù. Èèyàn ń dín kù, èèyàn ń dín kù. Lọ́jọ́ kan, mo tan ẹ̀rọ, kò sẹ́ni kankan lórí àga. Ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn pa."

Kínìyẹn sún mọ́ ọn. Ó mú àkísà kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu àga.

Nígbà tí àga mọ́ tán, Bàbá Oníná ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá kékeré tó wà lókè lẹ́yìn. Màmá pa iná.

Tà-tà-tà-tà-tà!

Ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò kékeré kan jáde. Ó fò kọjá lórí àga. Ó bà lé aṣọ funfun.

Ẹṣin kan yọ. Ẹṣin náà ń sáré. Àmọ́ kò ní ẹsẹ̀.

Nǹkan dúdú kan ti bo gbogbo ìsàlẹ̀.

"Bóyá aṣọ ló dọ̀tí," ni Màmá wí. Ó nu aṣọ. Ẹṣin ò ní ẹsẹ̀.

"Bóyá gíláàsì ẹ̀rọ ló dọ̀tí," ni Bàbá Oníná wí látòkè. Ó nu gíláàsì. Ẹṣin ò ní ẹsẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá Oníná sọ̀kalẹ̀ wá. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Gbogbo ìlú ló ń bọ̀ nírọ̀lẹ́," ló wí. "Tí tòní bá bàjẹ́, wọn ò ní padà wá mọ́. Wọ́n á tún ti ilé yìí pa."

Kínìyẹn tẹjú mọ́ nǹkan dúdú yẹn. Nǹkan náà ń gbọ̀n. Ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀.

"Màámi, ṣé ìdọ̀tí máa ń mira ni?"

"Rárá o. Ìdọ̀tí kì í mira."

"Eléyìí ń mira."

Kínìyẹn kẹ̀yìn sí aṣọ funfun. Ó ń wo ìmọ́lẹ̀ lókè, ó ń tẹ̀ lé e padà. Ó kọjá àga iwájú. Ó kọjá àga àárín. Ó dé abẹ́ ihò kékeré náà.

Sín-ín! Sín-ín! Sín-ín!

"Kí nìyẹn?"

Màmá gbé àkàbà wá. Ó gbé Kínìyẹn lé èjìká, ó sì rọra gun àkàbà náà.

Ìtẹ́ amọ̀ kan lẹ̀ mọ́ etí ihò náà. Ọmọ ẹyẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Gbogbo wọn la ẹnu, gbàgàdà.

"Ọmọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni," ni Màmá wí. "Orí wọn ló ń dí ẹsẹ̀ ẹṣin."

"Ká gbé ìtẹ́ náà síbòmíràn," ni Bàbá Oníná wí.

Màmá ò gbà. "Amọ̀ ni, Bàbá. Tí mo bá fọwọ́ kàn án báyìí, á fọ́. Wọn ò sì tíì lè fò."

Sín-ín! Sín-ín! ni àwọn ọmọ ẹyẹ ń ké.

Kínìyẹn na ìka. "Bàbá, ihò kejì yẹn ńkọ́? Kí nìyẹn?"

"Ihò ojú mi ni. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń wo sinimá látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé ìmọ́lẹ̀ ò lè gba ibẹ̀ ni?"

Bàbá Oníná fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ronú, ó ronú.

"Ó lè gba ibẹ̀," ló wí. "Àmọ́ mi ò ní rí nǹkan kan mọ́. Tí àwòrán bá ń ṣe bàìbàì, báwo ni màá ṣe mọ̀?"

"Màá máa bá yín wò ó," ni Kínìyẹn wí.

Màmá fa okùn gígùn kan yọ nínú àpò. Ó so ìpẹ̀kun kan mọ́ ọwọ́ Bàbá Oníná lókè. Ó fi ìpẹ̀kun kejì lé Kínìyẹn lọ́wọ́ nísàlẹ̀.

"Tó bá ṣe bàìbàì, fà á."

Wọ́n ti ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Họ́ọ̀ọ̀ọ̀... gbì! Ó dé iwájú ihò kejì. Ìyá ẹyẹ náà sì gba abẹ́ òrùlé wọlé, fìrì, pẹ̀lú kòkòrò lẹ́nu.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn dé. Èèyàn ń dé ṣáá ni. Àwọn arúgbó dé. Àwọn ọmọ jòjòló dé. Kò sí àga tó ṣẹ́ kù.

Kínìyẹn jókòó láàárín, ó di okùn rẹ̀ mú ṣinṣin.

Iná kú. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Tà-tà-tà-tà-tà!

Ẹṣin yọ. Àmọ́ ó ń ṣe bàìbàì.

Kínìyẹn fa okùn. Kò yí padà. Ó tún fà á.

Bàbá Oníná yí gíláàsì díẹ̀ lókè. Ẹṣin náà mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní orí. Ó ní ìrù. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, gbogbo wọn sì ń sáré, kítíkítí, kítíkítí.

"Háà," ni gbogbo ilé wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dákẹ́. Ẹnìkan nu omi ojú. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

"Ìgbà wo la tún máa wá?" ni ọmọ kan ń bi bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kínìyẹn sáré gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Bàbá Oníná jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ tí gbogbo yín kígbe," ló wí. "Kí ni ẹṣin yẹn ṣe?"

"Ó dé etí odò, Bàbá."

"Ó wá ṣe kí ni?"

"Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀."

Màmá gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Bàbá Oníná gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kínìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.