Dígí Kọkànlá

Ọjọ́ tí Volkmar Thiel, ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì, kọ́kọ́ gbé dígí fọ́tò wá sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n Rautenberg ní Göttingen, Ottilie, ọmọbìnrin Ọ̀jọ̀gbọ́n, ló ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló máa bá wa ka dígí yìí?"

Ottilie rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni. Àbí ẹ rò pé ọbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè?"

Ojú Bàbá rẹ̀ ti di bàìbàì, Ottilie ló ń fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ka gbogbo dígí fún un. Láti ọjọ́ náà ni Volkmar ò ti yéé wá. Kí ọdún 1907 tó parí, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló dí wọn lọ́nà, kóró iná mànàmáná tí ojú lásán ò lè rí. Bàbá ní bó ti wù kó sáré tó, ìrísí rẹ̀ kì í yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé ní irọ́ ni, pé ohunkóhun tó bá ń sáré a máa súnkì lójú ẹni tó dúró.

"Kí ọkọ̀ ojú irin Hannover súnkì ká rí i!" Bàbá á pariwo. "Ẹni tí dígí rẹ̀ bá dá mi láre ni màá fọmọ mi fún."

Volkmar ń tari kóró náà gba àárín òòfà, á sì fa ìlà sórí dígí. Bí ìlà bá tẹ̀ dé mílímítà mẹ́rìnlá, Bàbá jàre. Bó bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jẹ̀bi.

Dígí kọkànlá ló mọ́ jù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé ni.

Volkmar di ọwọ́ Ottilie mú. "Tilli mi, olólùfẹ́ mi, ka mẹ́rìnlá fún wọn. Ta ló máa mọ̀? Bàbá ò kúkú ríran."

"Torí wọn ò ríran ni mi ò ṣe lè ṣe é."

Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, nítorí ó fẹ́ ọkùnrin náà dénú.

Lọ́jọ́ Sunday, Volkmar wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé òdòdó dání bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Bàbá ní kí Ottilie kà á.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Bàbá."

Bàbá yíjú sápá kejì. "Volkmar, ṣé ìwọ náà wò ó?"

Ottilie tẹjú mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀.

"Mo wò ó, sà. Mẹ́rìnlá ni. Ó ti rẹ Ottilie ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ojú obìnrin."

Láti ọdún mẹ́fà, Ottilie ò ṣì í kà rí, Bàbá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́rìnlá letí rẹ̀ ń fẹ́.

"Mẹ́rìnlá!" Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Volkmar. "Mo fún ọ lọ́mọ mi. Ẹ kú oríire!"

Ohun tí Ottilie ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe dì mọ́ra, òdòdó ń rún láàárín wọn.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin méjèèjì lẹ kúkú fẹ́ra yín. Kí ó máa bá yín ka dígí lọ."

Ó gbé awò rẹ̀ sórí ìtan Bàbá, ó dé fìlà, ó jáde. Ìfẹ́ Volkmar ṣì ń dùn ún wọra bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.