Àmì Gìgísẹ̀

Ọ̀dà funfun wà ní gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kì í sì í ṣe èmi ni mo kùn ún síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Iṣẹ́ mi ni kíka ẹran inú odò. Tí ìjàpá omi bá wọ àwọ̀n wa, a ó yí i padà, a ó wo ikùn rẹ̀, a ó wọ̀n ọ́n, a ó fi ọ̀dà fa ìlà kan sí ìkarahun rẹ̀, a ó sì dá a padà síbi tí a ti mú un. Tó bá tún bọ́ sọ́wọ́ wa, a ó fa ìlà kejì. Èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kẹta ni a kì í dá padà mọ́. Inú àpótí gíláàsì ní ọ́fíìsì wa ló máa ń gbé, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń fi imú ti gíláàsì.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wa ọkọ̀ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi pa rọ́rọ́, ọkọ̀ wa kàn dojú dé létí erékùṣù kékeré tí a ti ń ṣiṣẹ́. Èmi rí gbòǹgbò igi dì mú, mo gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi ò jáde. Mo pè é, mo tún pè é. Mo ti ń ro ohun tí n ó wí fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí omi gbé e sórí iyanrìn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀.

“Àbúrò mi, wọ́n yí mi padà,” ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Wọ́n wo ikùn mi. Ọwọ́ náà tóbi, àmọ́ kò ni mí lára.”

“Ọwọ́ ta ni, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ṣebí ìwọ lo kàwé.”

Mo fi iyanrìn ha ìlà funfun tó wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, kò kúrò. Abẹ́ awọ ló wà. Háà! Látọjọ́ tí mo ti ń ka odò yìí, odò náà ń kà wá! Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ó tún ń ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí i pé gìgísẹ̀ tèmi ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò. Màmá wa máa ń pe ohun tó wà níbẹ̀ ní àmì ìbí: ìlà funfun méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fóònù mi wà nínú ọ̀rá lọ́rùn mi. Mo pe Màmá.

“Màmá, àmì gìgísẹ̀ mi yìí, ṣé wọ́n bí i mọ́ mi lóòótọ́?”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì lo bọ́ sódò ní kékeré. Nígbà kejì, a ti ń sunkún òkú rẹ ká tó bá ọ létí omi. Ṣe lò ń rẹ́rìn-ín. Ibo lo wà báyìí?”

Ọkọ̀ wa tó dojú dé ti yí ara rẹ̀ padà. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́jẹ́, láìsí ẹni tó ń wà á, àjẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó dúró níwájú ẹsẹ̀ mi.

“Ọmọ mi, ṣé o ń gbọ́ mi? Máa bọ̀ nílé.”

“Mò ń bọ̀, Màmá,” mo ní. Omi ló yí wa ká, kò sì sí ọ̀nà ilé míì.