Àyè Wà fún Abena

Inú Raqeebah dùn gan-an nígbà tó gba fọ́ọ̀mù ìdíje lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé Àsíátù. Orúkọ mẹ́ta péré ni yóò kọ sí i: tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí, àti ti ẹni méjì tí yóò bá a lọ síbi ìdíje ìṣirò tí àwọn iléèwé girama Accra yóò ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀.

Onímọ̀ ìṣirò ni Ọ̀mọ̀wé Àsíátù, yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n máa ń wá sí iléèwé àwọn Raqeebah ní Dansoman láti kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ìṣirò, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù, títí kan Abena tí kò ríran. Ohun tí àwọn yòókù ń fi bíró àti ìwé wá, orí ni Abena fi ń ṣe é.

"Má kọ orúkọ Abena o," Kàsímù, ọmọ kíláàsì wọn, sọ fún Raqeebah. "Orí ìwé ni ìbéèrè máa ń wà. Kí a tó kà á fún un tán, àwọn ẹlòmíràn á ti dáhùn. Zàíd ni kó o kọ."

Raqeebah mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ife-ẹ̀yẹ ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó kọ orúkọ Kàsímù, ó kọ ti Zàíd, ó sì dá fọ́ọ̀mù padà. Nígbà tí Abena bi í, irọ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu: "Ọ̀mọ̀wé ní kò sí àyè fún ẹni tí kò ríran lọ́dún yìí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Raqeebah kò tó ọjọ́ méjì. Abena fúnra rẹ̀ lọ bá Ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ rántí òun lọ́dún tó ń bọ̀. Ni Ọ̀mọ̀wé bá ránṣẹ́ pe Raqeebah.

Wọn kò pariwo mọ́ ọn. "Jókòó," ni wọ́n wí. "Iṣu ni ìyá mi ń tà ní ọjà Agbogbloshie. Ọdún tí mo wọ girama, olùkọ́ kan fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè mí, ó ní, 'Ìwọ ọmọ Alata yìí, obìnrin, kí lo fẹ́ fi ìṣirò ṣe?' Ó gbé àga mi lọ sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yìn yẹn náà ni mo ti kọ́ ọ. Mo gboyè ọ̀mọ̀wé tán lókè òkun, mo wọ ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò, ọkùnrin kan ní kí n lọ bu tíì wá fún òun. Kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo padà sílé kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbọ́ pé kò sí àyè fún òun. Ẹnu mi gan-an lo wá fi sọ ọ́, Raqeebah."

Ó ṣe Raqeebah bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. "Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n yọ Zàíd."

"Kí ni Zàíd ṣe? Ẹni tó bá wù ú nìkan ló lè yọ̀ǹda àyè rẹ̀. Òfin ìdíje sì ni pé ẹni tó bá máa ka ìbéèrè fún Abena kò gbọdọ̀ dáhùn."

Oṣù márùn-ún gbáko ni Raqeebah ti fi ń múra ìdíje yìí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni kí ẹ yọ," ló wí. "Èmi ni mo máa kà á fún un."

Ó wọ ọkọ̀ trotro lọ sílé àwọn Abena ní Ashaiman, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Abena, mepa wo kyɛw," ló fi èdè Twi bẹ̀ ẹ́.

"Ó dùn mí gan-an," Abena wí. "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mo máa lọ, torí mo mọ ìṣirò."

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ ní Sátidé. Àwọn ọmọ ń lu tábìlì, wọ́n ń kọrin iléèwé wọn. Raqeebah ń kà, Abena ń dáhùn, Kàsímù àti Zàíd ń ṣírò lórí ìwé. Nígbà tó ku ìbéèrè kan, iléèwé méjì ló wà níwájú pẹ̀lú máàkì kan náà, àwọn Abena sì wà nínú wọn.

"Ogún ènìyàn pàdé," Raqeebah kà á. "Oníkálukú bọ gbogbo àwọn yòókù lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà mélòó ni wọ́n bọwọ́ lápapọ̀?"

Ogún lọ́nà mọ́kàndínlógún, Raqeebah rò ó lọ́kàn. Kàsímù náà rò bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ sí aago tí ẹni tó bá fẹ́ dáhùn máa ń lù. Abena gbọ́ ìró ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó gbá a lọ́wọ́ mú.

Iléèwé kejì lu aago tiwọn. "Irinwó dín ogún!"

"Kò rí bẹ́ẹ̀," adájọ́ wí.

Abena wá lu aago jẹ́jẹ́. "Igba dín mẹ́wàá. Tí mo bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìwọ náà ti bọ̀ mí lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kà á."

"Ó gbà á!" adájọ́ kígbe.

Gbọ̀ngàn hó yèè. Kàsímù gbé Abena sókè. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta ni wọ́n pín, kò kan Raqeebah, síbẹ̀ ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò tíì dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Abena fi ọwọ́ kan àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Raqeebah, wá jókòó síbí," ló wí. Raqeebah jókòó, ó ṣí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè fún un.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá ti ẹnì kejì sẹ́yìn nítorí àléébù ara, ẹ̀yà tàbí ipò, kò mọ ìmọ̀ tó ń tì dànù. Ẹni tó bá sì ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, kó yára jẹ́wọ́, kó sì tún un ṣe, bó tilẹ̀ máa ná an ní àyè tirẹ̀.